Bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù lára mọ́tò àtijọ́: èyí tó yẹ ká tún ṣe àti èyí tó yẹ ká pààrọ̀

Ẹni tó bá ní Peugeot 403 tàbí 404, Renault 4 tàbí Volkswagen ìjàpá, tó sì fẹ́ kó padà sójú títì, bíréèkì ni kó kọ́kọ́ bojú wò kó tó máa sọ̀rọ̀ ọ̀dà. Mo ti rí mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n kùn tó ń dán yinrin, tí wọ́n rán ìjókòó rẹ̀ tó rẹwà, síbẹ̀ tí awakọ̀ ní láti tẹ pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dúró. Ó máa ń bà mí nínú jẹ́, torí owó tí wọ́n ná sórí ọ̀dà nìkan ti tó tún bíréèkì gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe.

Ìbéèrè tó máa ń dojú kọ onímọ́tò ni pé: ṣé ká tún èyí tó wà lára rẹ̀ ṣe ni, àbí ká ra tuntun? Ìdáhùn rẹ̀ kò lè jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo mọ́tò. Ẹ jẹ́ ká fi 404 oríṣi méjì wéra. Èkíní ni èyí tó ń sùn sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nílẹ̀ Benin, nítòsí ọ̀sà, tí wọn kì í gbé jáde àyàfi ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí ọjọ́ ọdún. Èkejì ni 404 bâchée (akẹ́rù kékeré tí wọ́n ń fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀) ní Kétu, tó ń ru àgbàdo àti gbágùúdá gba ọ̀nà Pọ̀bẹ́ lọ sí Ṣakẹ́tẹ́, lójú ọ̀nà kan náà tí àwọn akẹ́rù sìmẹ́ǹtì Onígbolò ń gbà. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, àmọ́ ohun tó ń pa bíréèkì wọn yàtọ̀. Ti Àjàṣẹ́, jíjókòó láìrìn ló ń pa á: ọ̀rinrin ń wọlé, irin ń dípẹtà, rọ́bà ń gan. Ti Kétu, ẹrù, ooru àti eruku ilẹ̀ pupa ló ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá mọ èyí tí mọ́tò tirẹ̀ jẹ́ nínú méjèèjì ti mọ ìdajì ohun tó yẹ kó rà.

Kí ẹ tó náwó

Ẹ gbé mọ́tò sókè, ẹ fi òkúta dí táyà tó wà nílẹ̀, ẹ yọ dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn abọ́ irin tó ń yí pẹ̀lú táyà. Eruku dúdú tí ẹ máa bá nínú rẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àwọn mọ́tò wọ̀nyí, asbestos, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní amiante, wà lára ohun tí wọ́n ń pò láti fi ṣe láínìn bíréèkì, ìyẹn ohun tó ń gbo ara rẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù kí mọ́tò lè dúró. Ilẹ̀ Faransé fòfin dè é ní 1997, torí pé eruku rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, àìsàn jẹjẹrẹ tó ń fà sì lè gba ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fara hàn. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi rin eruku náà, kí ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ di àkísà ọ̀hún sínú ọ̀rá kí ẹ tó sọ ọ́ nù. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ni mo ń rò jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n fẹ́ ẹ, ọ̀pọ̀ wọn kò sì tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Dúrọ́ọ̀mù: èyí tó bá mọ́tò wá, àbí tuntun?

Ẹ fi okùn gbé dúrọ́ọ̀mù kọ́, kí ẹ fi òòlù kékeré kàn án. Tó bá ró gooro bí agogo, irin rẹ̀ ṣì pé. Tó bá ró kì, ó ti sán níbì kan bí ojú ò tilẹ̀ rí i, kí ẹ má sì san owó tourneur, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, lórí rẹ̀ mọ́.

Tó bá yege, ẹ fi ìka ra inú rẹ̀. Ibi tí ṣúù, irin títẹ̀ tó gbé láínìn, ti ń fara kàn án á ti jìn wọnú, etí ibi tí ṣúù kì í dé á sì yọ gọngọ sókè. Ẹ fi vernier (irinṣẹ́ ìwọ̀n) wọn ojú méjèèjì láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, kí ẹ wo ohun tó fi jura wọn lọ. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, àyè tí wọ́n fún dúrọ́ọ̀mù láti fẹ̀ sí i kì í ju nǹkan bíi mílímítà 1 lọ. Tí wọ́n bá tẹ ìwọ̀n tó gbẹ̀yìn sára rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ ni kí ẹ dì mú. Ẹ sọ fún tourneur pé kó gé kìkì ohun tó máa mú ojú rẹ̀ tẹ́jú, kó sì rí i pé ọ̀tún àti òsì bára mu. Bí dúrọ́ọ̀mù méjèèjì iwájú kò bá fẹ̀ dọ́gba, ọkọ̀ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì.

Èrò tèmi ni pé dúrọ́ọ̀mù àtijọ́ tó ṣì wà láàárín ìwọ̀n sàn ju tuntun tí a kò mọ orírun rẹ̀ lọ. Irin rẹ̀ ti la iná kọjá láìmọye ìgbà, ó sì ti yanjú ara rẹ̀. Ẹ kàn ń tún ojú rẹ̀ ṣe ni. Àmọ́ ibí ni mọ́tò méjèèjì ti kọ́kọ́ pínyà. Dúrọ́ọ̀mù tó ti tínrín máa ń tètè gbóná, tó bá sì gbóná, ó máa ń fẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ṣúù, pẹ́dàlì á wá máa lọ sílẹ̀. Mọ́tò Àjàṣẹ́ tí kì í rẹrù lè gba dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ti gé dé ìtòsí òpin ìwọ̀n. Ti Kétu kò lè gbà á. Bó bá ti kù díẹ̀ kí tiẹ̀ dé òpin, kí ẹ wá òmíràn, kódà bó jẹ́ àlòkù láti ara 404 tó ti kú, bó bá sáà ti ró gooro tí vernier sì fọwọ́ sí i.

Ṣúù: láínìn alátè tàbí oníṣòó

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè ra ṣúù tuntun tí iléeṣẹ́ ti fi àtè lẹ láínìn mọ́. Ẹ lè kó irin ṣúù àtijọ́ lọ kí wọ́n fi àtè lẹ tuntun mọ́ ọn. Ẹ sì lè kó o fún àwọn tó ń fi ìṣó bàbà kan láínìn, àwọn kan náà tó ń ṣe ti ọkọ̀ akẹ́rù.

Alátè dára torí pé ẹ lè lo gbogbo nínípọn rẹ̀. Kò sí ihò, kò sì sí orí ìṣó tó lè ha dúrọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n lílẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ lásán. Wọ́n ní láti ha irin náà títí á fi funfun, kí wọ́n fún un mọ́ra pẹ̀lú agbára, kí wọ́n sì fi í sínú ààrò tó gbóná tó 150 sí 200°C. Ẹni tó bá ní òun á bá yín fi àtè inú ọ̀pá lẹ̀ ẹ́ lábẹ́ igi, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ gbé ṣúù yín. Láínìn tó bá ṣí kúrò lára irin nígbà tí mọ́tò ń sáré lè há mọ́ dúrọ́ọ̀mù, kí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró gbọin nígbà tí mẹ́ta yòókù ń yí lọ.

Oníṣòó ní tirẹ̀ ṣeé ṣe níbí, lójú yín. Ìṣó bàbà tàbí idẹ ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò, torí irin líle á gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù bó bá kàn án. Láti àárín ni wọ́n ti ń kàn án lọ sí etí, kí láínìn lè jókòó pẹ̀kípẹ̀kí láìsí àlàfo lábẹ́ rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ kò lè lò ó tán: bó bá ti kù díẹ̀ kó kan orí ìṣó, ó ti parí nìyẹn. Ẹ sì bèèrè dáadáa irú láínìn tí wọ́n fẹ́ kàn. Ti ọkọ̀ akẹ́rù le. Ó ń fẹ́ ẹrù ńlá àti ooru kó tó di nǹkan mú. Lára 404, bí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì láàárọ̀ kùtùkùtù, ṣe ló máa kàn yọ̀ lórí dúrọ́ọ̀mù.

Fún mọ́tò Kétu, oníṣòó ni mo fọwọ́ sí. Láínìn rẹ̀ á tètè jẹ, wọ́n á sì lè tún un kàn láìdúró de ẹrù láti òkèèrè. Fún ti Àjàṣẹ́, ṣúù tuntun alátè láti iléeṣẹ́ tó ṣeé fọkàn tán ló dára jù, torí ó lè pẹ́ gan-an kó tó jẹ. Ohun tó lè bà á jẹ́ ni ìpẹtà tó ń hù láàárín irin àti láínìn, tó ń ti láínìn sókè díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ máa ṣí i wò lọ́dọọdún, kí ẹ fi abẹ tínrín wá etí rẹ̀ kiri bóyá ó máa wọlé.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan tó máa ń dùn mọ́ àwa olólùfẹ́ mọ́tò àtijọ́: ṣúù tó ṣì wà nínú páálí rẹ̀ láti ogójì tàbí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Páálí rẹ̀ rẹwà, orúkọ Peugeot hàn lára rẹ̀ ketekete, àmọ́ àtè rẹ̀ ti lè kú, ó sì ṣeé ṣe kí asbestos wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ràn irin rẹ̀, kí ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n á ti pààrọ̀ láínìn rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti gé dúrọ́ọ̀mù, ìtẹ̀kọrọdọ ṣúù kò ní bá a mu mọ́. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kun inú dúrọ́ọ̀mù, ẹ gbé ṣúù lé e, ẹ fi ọwọ́ yí i díẹ̀, kí ẹ wá wo ojú láínìn. Bí ṣọ́ọ̀kì bá wà láàárín nìkan, ojú díẹ̀ ló máa ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n ha àárín náà díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ etí méjèèjì nìkan ló funfun, ìyẹn burú jù, torí ṣúù á máa há sínú dúrọ́ọ̀mù. Ohun tí ẹ ń wá ni kí funfun náà tàn kálẹ̀.

Sìlíńdà ẹsẹ̀: ibi tí owó ti ń ṣòfò jù

Sìlíńdà kékeré tó ń ti ṣúù síta yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ lé lórí. Ẹ ká rọ́bà tó bo ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, ó dára. Bí ọ́ìlì bíréèkì bá rin ìka yín, kọ́ọ̀pù, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì nínú rẹ̀, ti ń jẹ́ kó jò, láínìn tí ọ́ìlì bá sì ti mu kò wúlò mọ́, ẹ ò báà fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́nà mẹ́wàá.

Ẹ tú u, ẹ nu inú rẹ̀ gbẹ, ẹ wá fi èékánná tọ́ ojú rẹ̀ láti òpin kan dé ìkejì. Àbàwọ́n dúdú tí èékánná kò há sí kì í ṣe ẹjọ́. Àmọ́ bí èékánná bá há sí ihò kékeré kan, ní ibi tí kọ́ọ̀pù máa ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni ọ́ìlì á máa bá jáde. Mọ́tò tó ń sùn sétí ọ̀sà kì í ṣaláìní irú ihò bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ sìlíńdà ló sì máa ń wà jù, níbi tí omi ń rọ̀ sí.

Láti ibẹ̀, yíyàn mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́, kí wọ́n fi òkúta ìdán dán inú rẹ̀, kí wọ́n fi kọ́ọ̀pù tuntun sí i. Èyí ló rọ̀ jù lówó, ó sì tó fún sìlíńdà tí èékánná kò há sí. Bí wọ́n bá fi í bo ihò tó jìn, ojú rẹ̀ á fẹ̀ ju ohun tí kọ́ọ̀pù lè dí lọ. Ìkejì, kí tourneur gbẹ́ inú rẹ̀ kó fẹ̀, kó fi ọ̀pá idẹ tàbí irin tí kì í dípẹtà wọ̀ ọ́ nínú, kó sì gbẹ́ ẹ padà sí ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ sùúrù, torí ihò tí ọ́ìlì ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ ṣe rẹ́gí pẹ̀lú èyí tó wà lára ọ̀pá náà. Bó bá ṣe é re, ìpẹtà ò tún ní jẹ ojú ibẹ̀ mọ́. Ìkẹta, kí ẹ ra tuntun.

Ní ti tuntun, ìwọ̀n ni ẹ̀tàn wà. Mílímítà 22 àti 22.2 jọra lójú; síbẹ̀ ọ̀kan jẹ́ ìwọ̀n mẹ́tíríkì, èkejì sì jẹ́ ìdá méje nínú mẹ́jọ ínǹṣì, kọ́ọ̀pù ọ̀kan kò sì yẹ kó wọ inú èkejì. Ìwọ̀n sábà máa ń wà lára irin sìlíńdà fúnra rẹ̀. Ẹ gbé ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ sọ́jà, ì báà jẹ́ Kútọnu, ì báà jẹ́ Ládípọ̀ ní Èkó, kí ẹ sì ra ọ̀tún àti òsì pọ̀ láti iléeṣẹ́ kan náà.

Fún Àjàṣẹ́, ọ̀pá idẹ ni mo yàn, láìsí àní-àní. Fún Kétu, tuntun tí ìwọ̀n rẹ̀ pé tó, torí mọ́tò tó ń rìn lójoojúmọ́ kì í jẹ́ kí omi jókòó síbì kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń bá àwọn mẹkáníìkì wa sọ ní gbogbo ìgbà.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kpayo, bẹntiróòlù fàyàwọ́ yìí, fọ rọ́bà.”

“Kí ni ká fi fọ̀ ọ́ nígbà náà? Gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń fi í fọ̀ ọ́.”

Bẹntiróòlù, gáàsì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń mú kí rọ́bà bíréèkì wú. Ẹni tí kò bá gbà gbọ́, kó mú kọ́ọ̀pù àtijọ́ méjì tó dọ́gba, kó rẹ ọ̀kan sínú kpayo, kó rẹ ìkejì sínú ọ́ìlì bíréèkì. Tílẹ̀ bá mọ́, kó gbìyànjú láti fi méjèèjì sínú sìlíńdà. Èyí tó sùn nínú kpayo á ti rọ̀, á ti tóbi, á sì máa há lẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe máa há nìyẹn nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ kí ṣúù padà. Ọ́ìlì bíréèkì tuntun tàbí alcool tí wọ́n ń tà nílé ìta oògùn ni kí ẹ fi nù ún. Sódàbì (ògógóró) kọ́ o. Omi inú rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Hóòsì àti páìpù

Kò sí ìfiwéra níbí. Hóòsì rọ́bà àtijọ́, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Inú rẹ̀ lè wú títí ọ́ìlì á fi máa lọ tí kò ní padà, kí ẹ wá máa bá sìlíńdà jà lásán. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ayé ìgbà yẹn ló sì jẹ́ pé ojú ọ̀nà ọ́ìlì kan ṣoṣo ló ń bọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí hóòsì kan bá bẹ́, gbogbo bíréèkì lọ nìyẹn. Ní ti páìpù, bàbà tí wọ́n pò mọ́ nickel ló dára jù létí ọ̀sà. Kì í dípẹtà, ó sì rọrùn láti tẹ̀. Bàbà lásán, irú ti ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ má lò ó: gbígbọ̀n ọkọ̀ máa ń mú kó gan, kó sì sán.

Ọ́ìlì: DOT 3, DOT 4 tàbí DOT 5

DOT ni àmì tí wọ́n fi ń pín ọ́ìlì bíréèkì sí ìpele. DOT 3 àti DOT 4 jọ jẹ́ ìran kan. Àwọn méjèèjì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Tuntun DOT 3 kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C, ti DOT 4 sì jẹ́ 230°C. Lẹ́yìn tí omi bá ti wọ inú wọn, ìwọ̀n yẹn já sí 140°C àti 155°C. Ẹrù Kétu lè mú kí sìlíńdà gbóná gan-an, bí ọ́ìlì bá sì hó, èéfín ló kù nínú páìpù, pẹ́dàlì á sì kàn wọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Nítorí náà, DOT 4 fún Kétu, kí wọ́n sì máa dà á nù lẹ́yìn ọdún méjì-méjì. Inú ike tí wọ́n ṣí lójú yín ni kí ó ti wá, kì í ṣe ìgò tó ti ṣí sílẹ̀ lórí pẹpẹ láti ọjọ́ pípẹ́.

DOT 5 jẹ́ silicone, ó sábà máa ń ní àwọ̀ àlùkò. Kì í fa omi, kì í sì í bó ọ̀dà. Mọ́tò Àjàṣẹ́ tó ń jókòó ni wọ́n ṣe é fún, bí a bá lè sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò gbọdọ̀ pàdé ìyókù DOT 3 tàbí 4 nínú páìpù rárá. Gbogbo rọ́bà ní láti jẹ́ tuntun, kí gbogbo páìpù gbẹ, kí wọ́n sì yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí ó máa ń di àwọn èéhó kéékèèké mọ́ra. Bí ẹ kò bá ní ṣe gbogbo ìyẹn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dúró sórí DOT 4. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́tò Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè): ọ̀rinrin ibẹ̀ kò tó ti etí ọ̀sà, àmọ́ eruku ọyẹ́ máa ń wọ ibi gbogbo, kí ẹ nu ẹnu másítà sìlíńdà, ibi tí pẹ́dàlì ti ń ti ọ́ìlì lọ sínú páìpù, kí ẹ tó ṣí i.

Ṣé kí á kúkú fi dísìkì sí i?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bi mí. Peugeot fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi dísìkì, àwo irin tí bíréèkì ń fún mú láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, síwájú 404 ní ìparí àwọn ọdún 1960, torí náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Dísìkì kì í tètè sú nínú ooru, omi àgbàrá sì máa ń tètè kúrò lójú rẹ̀, nígbà tí dúrọ́ọ̀mù tó bá gba inú àgbàrá Àjàṣẹ́ kọjá ń fẹ́ kí ẹ rọra tẹ pẹ́dàlì díẹ̀ kó lè gbẹ. Ṣùgbọ́n dúrọ́ọ̀mù ní ẹ̀bùn kan: bó ti ń yí, òun fúnra rẹ̀ ló ń fa ṣúù iwájú mọ́ra, ẹsẹ̀ awakọ̀ kò wá ní ṣiṣẹ́ púpọ̀. Dísìkì kò ní ìyẹn, ó máa ń fẹ́ sẹ́fò, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ti ẹsẹ̀ awakọ̀. Fáàfù kékeré kan tún máa ń wà nínú másítà sìlíńdà onídúrọ́ọ̀mù tó ń di agbára díẹ̀ mú nínú páìpù. Bí ẹ bá fi dísìkì sí i láìyọ ọ́, bíréèkì á máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, á sì máa gbóná ṣáá.

Ti Àjàṣẹ́, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Ẹwà rẹ̀ àti iyì rẹ̀ wà nínú pé ó pé. Ti Kétu, bí ẹ bá rí iwájú 404 onídísìkì tó pé láti orí húọ̀bù dé másítà, tí sẹ́fò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó tọ́ sí owó yín. Bó bá jẹ́ dísìkì mọ́tò mìíràn tí welder fẹ́ fi iná lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ kọ̀ ọ́.

Bí owó ò bá tó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan

Oṣù àkọ́kọ́, hóòsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tàbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo kọ́ọ̀pù, àti ọ́ìlì tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ méjèèjì iwájú pọ̀, torí iwájú ló ń gbé iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹ̀yìn lè dúró, bí láínìn rẹ̀ bá sáà ti nípọn tí kò sì sí ọ́ìlì lára rẹ̀. Ẹ má ṣe ẹsẹ̀ kan kí ẹ fi èkejì tó wà ní ìlà kan náà sílẹ̀. Sípíríǹgì tó ń fa ṣúù padà kò wọ́n, kí ẹ rà á pọ̀ mọ́ ṣúù.

Tí ẹ bá tò ó tán, ẹ mú ṣúù fẹ̀ títí táyà kò fi ní yí mọ́, kí ẹ wá dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí á fi yí láìgbọ́ ìró híha. Ẹ gbé e lọ sójú ọ̀nà tó dá, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú. Ẹ dín eré kù láti nǹkan bíi kìlómítà 50 sí 20 ní wákàtí kan, kí ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ tún un ṣe títí pẹ́dàlì á fi dúró sí ojú kan. Nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ fọwọ́ sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju ìkejì rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni ẹ máa padà sí: bóyá ẹ mú un fẹ̀ jù, bóyá sípíríǹgì rẹ̀ kò fà á padà, tàbí kí kọ́ọ̀pù kan ti há.